Èsì: Ìdí tí ilẹ̀ Yobe kò fi rí bákan náà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní lẹ́bàá ìlú Nguru ní ìpínlẹ̀ Yobe, iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún lẹ rí níbì kan, kò sì jìnnà tí ẹ fi kan ilẹ̀ dúdú tó tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì.

Ibi tí omi ń gbà lọ lẹ máa wò. Atẹ́gùn ló kó òkìtì iyanrìn wọ̀nyẹn jọ láyé àtijọ́, nígbà tí aṣálẹ̀ ṣì gbòòrò ju báyìí lọ. Omi kì í dúró lórí wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbin jéró àti ẹ̀wà síbẹ̀. Kòtò tó wà láàárín òkìtì ni amọ̀ ń wọ́ lọ, ibẹ̀ lomi ń dúró sí.

Igi kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, gawo ni àwọn Hausa ń pè é. Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé! Ẹran ń jẹ èso rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun, torí náà àgbẹ̀ kì í fẹ́ gé e.

Tí ẹ bá dé ìhà adágún Chad ní Borno, ẹ máa bá ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki. Ó ń wú lójò, ó ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Mo ti ọwọ́ bọ ibi tó sán kan rí, ó gbé ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tójò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ ọkà bàbà masakwa síbẹ̀. Omi tí amọ̀ yẹn fà pa mọ́ ló ń mu títí wọ́n á fi kórè.