Mẹ́dàlì kan ṣoṣo láyà ọ̀tún sójà àtijọ́: ti ìgbẹ̀mílà ni o

Ẹ ní fọ́tò bàbá bàbá yín wà lọ́wọ́ yín nínú kakí sójà, mẹ́dàlì bíi mẹ́rin tò láyà òsì wọn, ẹyọ kan wá dá wà láyà ọ̀tún, róbótó, tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ò ní ìlà kankan. Ẹnì kan sọ fún yín pé ti ogun Hitler ni gbogbo ẹ̀. Ẹlòmíì ní onífọ́tò ló fi dárà sí wọn láyà. Èmi ò gbà pẹ̀lú ìkankan nínú wọn. Irú ẹ̀ gan-an la bá nínú àpótí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Pópó Àgùdà lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán, ó sì gbé mi rìn káàkiri Èkó kí n tó mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ fi ojú mẹ́dàlì náà sílẹ̀ ná, ẹ̀gbẹ́ àyà tó wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa Ọ̀tún ló ń ṣáájú Òsì nínú oyè, ó máa ń ṣe wá bíi pé èyí tó wà lọ́tùn-ún ló ga jù. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọba bá fúnni, òsì ló ń lọ. Èyí tí ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba bá fún èèyàn torí pé ó yọ ẹlòmíì nínú ikú, ọ̀tún ni àyè tiẹ̀. Gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Royal Humane Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1774 nítorí àwọn tó bá rì sómi. Títí di 1869, mẹ́dàlì wọn tóbi, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sáyà. Ọdún yẹn ni wọ́n dín in kù sí nǹkan bíi mìlímítà 38, tí wọ́n sì fàyè gba ẹni tó bá gbà á láti máa fi kọ́ àyà ọ̀tún. Ti idẹ, ríbọ́ọ̀nù búlúù tó ṣú ló ń lò láìsí ìlà. Ti fàdákà náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 1921 ni wọ́n ti fi ìlà yẹ́lò sí i láàárín àti funfun tín-ín-rín létí méjèèjì.

Ẹ má wulẹ̀ fi àwọ̀ inú fọ́tò búra o. Fíìmù tí wọ́n ń lò nígbà ogun Kaiser (ogun àgbáyé àkọ́kọ́) kì í rí pupa rárá, búlúù ló máa ń rí dáadáa. Búlúù á wá jáde bí eérú, pupa á dúdú kirikiri. Mo ti rí ẹni tó fi èyí jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú pé ríbọ́ọ̀nù tó ṣì mọ́ díẹ̀ nínú fọ́tò kò lè jẹ́ búlúù.

Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ sódì náà wà. Bí wọ́n bá yí nẹ́gátíìfù padà, òsì á di ọ̀tún. Bọ́tìnì ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n: apá òsì kóòtù ọkùnrin ló máa ń bo apá ọ̀tún. Ti bàbá yín, mo ti wò ó, bó ṣe yẹ kó bò ló bò, kò sódì. Èyí tó tún ń dààmú èèyàn ni mẹ́dàlì olóògbé lára ẹbí. Ní January 15, bí ẹ bá dé ibi ìrántí àwọn sójà ní Tafawa Balewa Square, ẹ lè rí opó tàbí ọmọ tó fi mẹ́dàlì olóògbé kọ́ àyà ọ̀tún. Ìyẹn kì í ṣe ti ìgbẹ̀mílà, àṣà ẹbí tó ń wọ ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ni. Àmọ́ odidi ọ̀wọ́ ló máa ń wà lọ́tùn-ún nígbà náà, kò ní jẹ́ ẹyọ kan tí ìyókù sì wà lósì.

Ní ti ogun Hitler, àwọn tó lọ Burma (àwọn tí bárékè Arakan ní Apapa àti Myohaung ní Yaba ń rán wa létí ogun wọn) gba ìràwọ̀ idẹ oníṣóńṣó mẹ́fà, kì í ṣe róbótó. Èyí tó rí róbótó nínú ti ogun náà, orí Ọba George ló wà níwájú ẹ̀, òsì sì ni gbogbo wọn ń lọ. Wọn kì í kọ orúkọ sójà tiwa sí wọn lára. Níbi orúkọ yìí gan-an ni ti ìgbẹ̀mílà ti yàtọ̀.

Bí mẹ́dàlì náà bá ṣì wà nílé, ẹ wo iwájú ẹ̀. Tiwa ní ọmọkùnrin kékeré kan, ìhòòhò ló wà, aṣọ kan ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ ògùṣọ̀ tó ti kú, èdè Látìn sì yí i ká: LATEAT SCINTILLULA FORSAN, ìyẹn ni pé bóyá ẹta iná díẹ̀ ṣì fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ilé àwọn Àgùdà. Ọmọ oníhòòhò, Látìn, kí ló kù? Àǹtí mi ní áńgẹ́lì ni, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́dọọdún ló ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o kí ó lè máa dán, ó sì dán lóòótọ́, débi pé etí ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ jọ̀lọ̀ tán.

Etí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fín orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ sí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ aláàgo kan ní Ìdúmọ̀tà, mo yá awò tó ń fi sójú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe gbé e dojú kọ oòrùn, n ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo yí i dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: ìdajì orúkọ àpèlé wọn, ọdún náà sì pé. Aláàgo ní kí n má tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Brasso kàn án. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yè.

Ẹ ṣọ́ra fún méjì tó jọ ọ́. Àwọn Royal Life Saving Society, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ní mẹ́dàlì idẹ kan tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege nínú ìdánwò yíyọ èèyàn lómi. Ẹni tó gbà á mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti yọ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni Albert Medal tó bẹ̀rẹ̀ ní 1866: ìgbẹ̀mílà ni lóòótọ́, àmọ́ ọbabìnrin ló dá a sílẹ̀, nítorí náà òsì ló ń lọ, kò sì rí róbótó, ó gùn bí ẹyin. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn, inú London Gazette ni kẹ́ ẹ ti wá orúkọ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Royal Humane Society, The London Archives (tí wọ́n ń pè ní London Metropolitan Archives tẹ́lẹ̀) ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn wà.

Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí wọn, ẹ tú àwọn ìwé bàbá dáadáa. Ẹgbẹ́ náà tún máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, nígbà míì lórí awọ ẹran, ó sì máa ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí wọ́n yọ. Bí kò bá sí, orúkọ bí ó ṣe wà létí mẹ́dàlì, ọdún, àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí bàbá wà tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ lọ́wọ́ ẹbí ní Erékùṣù Èkó ti wo tiwa rí, ó ní mẹ́dàlì iléèwé ni, owó tó dá lé e ò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo ní kó fún mi kí n fi awò wo etí ẹ̀ lójú ẹ̀, kíá ló fowó lé e. Bí irú wọn bá wá bá yín kẹ́ ẹ tó ka etí tiyín, ẹ ní bàbá ò tíì fàṣẹ sí i.