Etí ẹ ò dí, má ra oògùn ìkánsétí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin rèé tí mo dé Bradford, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kẹ́à ni mò ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, mo sì gba 7.5 nínú Listening, ìyẹn apá gbígbọ́, nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, ṣùgbọ́n táwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú bá ti lanu báyìí, mi ò kì í mú ju ìdajì lọ. Wọ́n ń yára jù. Ẹnì kan nínú grúùpù WhatsApp wa ní kí n ra oògùn kan tí wọ́n ń kán sétí, ó ní ó máa ń ṣí etí. Ẹlòmíì ní kí n lọ sanwó kọ́ àsẹ́ǹtì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra oògùn yẹn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kó o tó fowó ránṣẹ́, torí ìwọ ni ẹnì kẹfà tó máa bi mí ní nǹkan yìí lóṣù yìí, inú sì ń bí mi sáwọn tó ń fi ìdààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pawó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti kẹ́à bí wọ́n á ṣe máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibí, mi ò tíì rí oògùn tó ń kọ́ etí ní èdè. Mi ò kì í ṣe dókítà etí o. Tó bá jẹ́ pé Yorùbá pàápàá ò wọlé dáadáa, tàbí etí ń dùn ẹ́, tàbí ó ń hó, lọ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò ẹ, má kán nǹkankan sí i, má sì fi nǹkankan ro ó. Ṣùgbọ́n tó o bá ń gbọ́ ìyá ẹ kedere lórí fóònù láti ilé, a jẹ́ pé ibòmíì lọ̀rọ̀ wà.

Ibi tó wà ni "wọ́n ń yára jù" tó o sọ yẹn. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti gbọ́ àwọn tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ ní Yorùbá lórí rédíò? Ṣé wọ́n ń rọra ni? Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ níbẹ̀. Tó o bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, dán èyí wò lálẹ́ òní: wá fídíò àgbàlagbà ará Yorkshire kan lórí YouTube, dín eré ẹ̀ kù sí ìdajì. Wàá rí i pé ohùn ẹ̀ á kàn máa fà bíi ti ẹni tó mutí yó ni, ọ̀rọ̀ tó o ò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ò ní jáde. Kò lè jáde, torí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò pè é rárá.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ lẹ́nu máa ń jẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ìwọ mọ "Do you want a cup of tea?", ọ̀rọ̀ méje, o lè kọ ọ́ sílẹ̀ lójú oorun. Ní Bradford, ohun tó máa bọ́ sí ẹ létí ni "júwọ́nà kúpà tíì", o á wá dúró, o á máa ronú ẹni tó ń jẹ́ Júwọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni t tó wà láàárín "water" tàbí "bottle", lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀fun á kàn sé díẹ̀, t ò ní dún.

Kí o má sì sọ pé ìwà ọ̀lẹ ni, torí àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́ ayé wa. Ta ló ń sọ pé "kí ni o rà"? "Kí lo rà" la máa ń sọ. Òtítọ́ di òótọ́, orúkọ di oókọ, òrìṣà di òòṣà, ẹ kú àárọ̀ di ẹ káàárọ̀. Òyìnbó kan tí mo kọ́ ní Yorùbá nígbà kan wá "rẹja" nínú díkṣọ́nárì títí ó fi sú u. Nígbà tí mo sọ fún un pé "ra ẹja" ni, ó ní ibo wá ni "a" wọlé sí? Òun náà ti ń sọ pé àwa Yorùbá ń yára jù. Ohun tó ṣe é lọ́hùn-ún ló ń ṣe ẹ́ níbí.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, òun ló sì ń dá wa lóró jù. Nínú Yorùbá, a máa ń gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n sílébù tó bá ti ṣẹ́kù, a máa ń pè é yé, torí ohùn wà lórí ẹ̀, dò rè mí. A wá gbé ìyẹn wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Bá mi pe "banana". Ba-na-na, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, àbí? Ará ibí á tẹ ti àárín mọ́lẹ̀, èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn á dà bí èémí lásán. Èémí yẹn ni wọ́n ń pè ní schwa. Kò sí nínú fáwẹ̀lì méje tí wọ́n kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹnu.

Wá wo ibi tí èyí ti lè ṣe èèyàn léṣe. "Can" àti "can't". Àwa máa ń pe "can" ní "kan", ó máa yọ dáadáa. Tiwọn, tó bá ti wà láàárín ọ̀rọ̀, kò ju "kn" lọ, "he kn have it". "Can't" ni wọ́n máa ń pè tó gùn, "kaant", t ẹ̀yìn ẹ̀ sì lè má dún. Etí Nàìjíríà wá gbọ́ "kaan", ó ní ẹ̀hẹ́n, "can" nìyẹn, wọ́n ní kí bàbá yẹn jẹ ẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ní kó má jẹ ẹ́ ni. "Fifteen" àti "fifty" náà nìyẹn. Torí náà, lórí ọ̀rọ̀ oògùn, má fi etí nìkan ṣiṣẹ́ láéláé. Ohun tó wà nínú MAR chart, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn ẹni tí ẹ ń tọ́jú sí, àti ìlànà ibi iṣẹ́ yín ni kó o tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá bá ẹ sọ nọ́ńbà, tún un sọ padà fún wọn: "one five, or five zero?" Béèrè pé "can, or cannot?" Má mi orí bíi alángbá nígbà tí o ò gbọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ fúnra wọn tún ti yà kúrò lára ti ìwé wa. Lágbègbè tó o wà yẹn, "tea" lè jẹ́ oúnjẹ alẹ́. "Nowt" ni pé kò sí nǹkankan, "owt" ni ohunkóhun. "Poorly" ni pé ara ò yá. Tí ìyá àgbà bá ní òun fẹ́ "spend a penny", ó fẹ́ tọ̀ ni, torí láyé ijọ́un, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ń jù sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ìta kó tó ṣí. "You alright?" ò túmọ̀ sí pé ojú ẹ rí bíi ti aláìsàn, wọ́n ń kí ẹ ni. "Half five" sì ni aago márùn-ún ààbọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ rò pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ni, ó fi wákàtí kan gbáko dúró nínú òjò níwájú ilé oníbàárà.

Gẹ̀ẹ́sì rédíò BBC táwọn bàbá wa fi ń kọ́ wa, kì í ṣe gbogbo ará ibí ló ń sọ ọ́, kò sì fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1941, nígbà tí BBC gbé Wilfred Pickles, ọmọ Halifax tó wà nítòsí ẹ níbẹ̀ yẹn, síwájú màíkì láti ka ìròyìn, ohùn Yorkshire ẹ̀ bí àwọn olùgbọ́ kan nínú. Ọmọ ìlú wọn nìyẹn o. IELTS ẹ náà kì í ṣe irọ́, ìbéèrè 40, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó o gbọ́ ọ, ó le. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ́ kó o ka ìbéèrè ṣáájú, o ti mọ ohun tó o ń ṣọ́. Ìyá àgbà ò ní fún ẹ ní ìbéèrè ṣáájú.

Ti àsẹ́ǹtì, ẹnu nìyẹn, etí lo sọ pé ó ń dà ẹ́ láàmú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ẹ yé, fi owó ẹ sápò.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí. Wá ìṣẹ́jú kan péré nínú ọ̀rọ̀ ẹnu gidi, bíi ètò táwọn èèyàn ti ń fóònù wọlé lórí rédíò àgbègbè yín, tàbí fídíò tó ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó péye. Má gba ohùn àwọn tó ò ń tọ́jú sílẹ̀ o, ìyẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Gbọ́ ọ láìwo àkọsílẹ̀, kọ ohun tó o gbọ́, kódà kó jẹ́ "júwọ́nà". Lẹ́yìn náà ṣí àkọsílẹ̀, wá ibi tí etí ẹ ti já, gbọ́ ibẹ̀ nìkan nígbà mẹ́wàá, kí o sì pè é bí wọ́n ṣe pè é, nínú yàrá ẹ. Kì í ṣe kó o lè máa fọ̀ bíi tiwọn, kí etí lè dá a mọ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Mi ò lè dá ọjọ́ fún ẹ, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é déédéé máa ń sọ fún mi pé ó kọ́kọ́ máa ń dà bí ìgbà tí ariwo di ọ̀rọ̀.

Lọ́la, tí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ tí o ò gbọ́, má sọ pé "pardon", ohun kan náà ló máa tún pariwo lé ẹ lórí. Sọ fún un pé "sorry my love, can you tell me another way?" Jókòó tì í, wo ẹnu ẹ̀, pa tẹlifíṣọ̀n tó ń dún lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, tó bá gbà bẹ́ẹ̀.