Ducati tó ti sùn fún ọdún méje

Àbúrò, o ní o rí alùpùpù Ducati 900SS ọdún 1993 kan nínú gáráàjì bàbá arúgbó kan ní Kent, pé máìlì 11,000 péré ló ti rìn, pé ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti gbé e dúró, àti pé 1,500 pọ́ún ni wọ́n ń pè é. O wá ń bèèrè bóyá kí o rà á, kí o máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Máìlì kékeré yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Bí mo ṣe ra tèmi náà nìyẹn. Ti ọdún 1992, máìlì 9,000, ó pupa bí ata rodo. Lórí Suzuki AX100 bàbá mi ní Ṣàgámù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú alùpùpù, mo sì rò pé kò sí èyí tó tún lè dààmú mi. AX100 kò ní irú fáàfù tí Ducati ní, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó sì ń dé, lórí sílíńdà: nu púlọ́ọ̀gì, fọ kábúrétọ̀, ó ti ń lọ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó ní fáàfù, sípíríǹgì ló ń tì í padà. Ti Ducati yàtọ̀: apá irin kan ń ṣí i, òmíràn ń fà á dé. Fáàfù mẹ́rin ni 900SS ní, torí náà ibi mẹ́jọ ni wàá ti fi irin tín-ín-rín wọn àlàfo.

Fáàfù kọ́ ló kọ́kọ́ dá mi lóró o, bẹ́líìtì ni. Méjì ni wọ́n, rọ́bà ni, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan; àwọn ló ń mú kí fáàfù ṣí, kó sì dé lásìkò, kí pístìn má baà lù ú. Ọdún méjì-méjì là ń pààrọ̀ wọn, alùpùpù ìbáà rìn, ìbáà má rìn. Tèmi ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ti gan mọ́ ibi tó ká sí. Lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, mi ò lè mú sùúrù. Mo ra bátìrì tuntun, mo da epo sí i, mo tẹ sítátà. Ó dún! Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. Ijó ni mo ń jó lọ́wọ́ tí eyín bẹ́líìtì iwájú fi bọ́, tí pístìn sì lu fáàfù. Bẹ́líìtì méjì tí owó wọn kò tó 100 pọ́ún ló mú kí n san 1,150 pọ́ún lórí orí sílíńdà kan ṣoṣo.

Kí n tó gùn ún dé títì, owó tí mo ná lé e ti ju ìlọ́po méjì owó tí mo fi rà á. Inú táǹkì ti dípẹtà. Táyà rẹ̀ dà bíi tuntun lójú, àmọ́ ó ti le bíi pákó. Tún rántí pé epo E10, èyí tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tó gbòde nílùú Ọba láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ethanol tirẹ̀ kéré, ni kí o máa rà, bó tilẹ̀ wọ́n.

Ohun kan wà tí kò yẹ kó já ọ láyà. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í wà nínú ọ́ìlì, yóò máa dún bí ẹni ń mi agolo ìṣó. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Àwọn mìíràn á gbọ́ ọ, wọ́n á sá, ìwọ ni wàá jàǹfààní.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o kúkú wá Ducati 916: iṣẹ́ ọwọ́ Massimo Tamburini, ayàwòrán alùpùpù, ni, ó sì rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ fáàfù mẹ́jọ ni, ibi mẹ́rìndínlógún láti wọ̀n. Fi í sílẹ̀ fún olówó.

Bí o bá rí 900SS mìíràn tó ti rìn 38,000 máìlì, tí rìsíìtì bẹ́líìtì rẹ̀ pé, òun ni kí o gbé. Bó bá jẹ́ ti bàbá yẹn lọkàn rẹ ṣì wà, fi nọ́ńbà rẹ̀ yẹ ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè, wò lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Wò ó bóyá nọ́ńbà ara férémù bá ti inú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, mu. 900 pọ́ún ni kí o kọ́kọ́ pè é, má kọjá 1,100. Bí bàbá bá sì ní òun fẹ́ tẹ sítátà kí o lè gbọ́ ohùn rẹ̀, jọ̀ọ́, tètè di ọwọ́ wọn mú.