Èsì fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú ní Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ yẹ 100 èèyàn wò fún mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ máa rà. Ìyẹn kò le: strip HBsAg 110 (HBsAg ni àmì kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀), nítorí díẹ̀ á bàjẹ́, lancet tí wọ́n fi ń gún ìka, spírítì, ìbọ̀wọ́, òṣìṣẹ́ lábù kan. Bí ìlà C, tó ń fi hàn pé strip ń ṣiṣẹ́, kò bá jáde, ẹ sọ strip yẹn nù. Ìlà T, ìyẹn ti àyẹ̀wò gan-an, ìbáà rí bàìbàì, ẹni náà ti ní in nìyẹn.

Ẹni tí wọ́n bá bá a lára ẹ̀ ni kí ẹ rò. Ohun tó ń dùn mí nìyí: àwọn aláṣẹ á wá ya fọ́tò ní 28 July, Ọjọ́ Mẹ́dọ̀wú Àgbáyé, wọ́n á fún onítọ̀hún ní bébà pé "lọ rí dókítà", ó tán. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò ní lọ. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ìgbà tí omi bá kún ikùn, ó ti pẹ́ jù.

Torí náà, kí ẹ tó gún ẹnikẹ́ni, ẹ ti bá ilé ìwòsàn kan sọ ọ́: ọjọ́ wo, ọ̀dọ̀ ta, eélòó. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn tí ẹ bá bá a lára wọn, ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún pè wọ́n. Bí HBsAg bá ṣì wà lẹ́yìn oṣù 6, ó ti fìdí kalẹ̀ nìyẹn.

Àwọn dókítà kan á ní àfi viral load, àyẹ̀wò tó ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀ ń lé èèyàn padà sílé, inú ń bí mi sí i! AST (èròjà tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́) àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí AST bá jẹ́ 60, tí òkè ìwọ̀n AST tí lábù kà sí dáadáa jẹ́ 40, tí platelet jẹ́ 150: ẹ fi 40 pín 60, ó di 1.5; lọ́nà 100, ó di 150; ẹ fi 150 pín in, ó di 1. APRI nìyẹn, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí àpá ṣe pọ̀ tó lára ẹ̀dọ̀. Láti 2024, WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí àgbàlagbà tí tirẹ̀ bá ju 0.5 lọ máa lo oògùn. Tenofovir ni wọ́n sábà máa ń fún wọn, kí wọ́n má sì dá a dúró fúnra wọn torí agbo. Kòkòrò náà lè rú padà kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lójijì.

Ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni sókè lọ́jà o. Bí wọ́n bá gbọ́ ti olóúnjẹ, oníbàárà á sá, bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́dọ̀wú B kì í ràn nínú oúnjẹ.

Àjẹsára kò wúlò fún ẹni tó ti ní in. Àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò ní in ni kó gbà á: lónìí, lẹ́yìn oṣù 1, lẹ́yìn oṣù 6. Ọmọ tuntun, láàárín wákàtí 24, ìbáà jẹ́ ilé agbẹ̀bí ni wọ́n bí i sí. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí fíríìjì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́: 2 sí 8°C ni, bó bá sì di yìnyín lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bàjẹ́.