Bàbá ọmọ jẹ́ ọ́físà, kò fowó ránṣẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ní bàbá ọmọ yín, ọ́físà nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ò fowó ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́ta, kọ́ọ̀tù ò sì tíì dá sí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí kọmáńdà ẹ̀, torí òfin wọn, AR 608-99, ní sójà gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà ìdílé ẹ̀ kódà tí ò sí ìwé kọ́ọ̀tù. Ẹ fi ìwé ìbí ọmọ sí i, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tówó wọlé gbẹ̀yìn.

Tẹ́ ò bá fẹ́ra yín níṣu lọ́kà ńkọ́? Àfi kó ti jẹ́wọ́ ọmọ náà lábẹ́ òfin, tàbí kí kọ́ọ̀tù ti ní òun ló lọmọ.

Kọmáńdà lè fìyà jẹ ẹ́ o, àmọ́ kò lè fọwọ́ ara ẹ̀ yọ sálárì ẹ̀ fún yín, DFAS, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ló ń yọ ọ́, ìwé àṣẹ òfin nìyẹn sì máa ń bèèrè, nítorí náà ẹ má dúró de èsì lẹ́tà kẹ́ ẹ tó gba kọ́ọ̀tù lọ.