Ẹ gé àwòrán yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́múlà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwòrán kan gùn ní 20 cm láti orí dé ìdí, ó fẹ̀ ní 6 cm, àárín ẹ̀ jẹ́ rẹ́kítáńgù, orí àti ìdí ẹ̀ sì jẹ́ ààbọ̀ róbótó, tí ẹ́ríà (bí ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó) tẹ́ ẹ rí jẹ́ 148.3 tí ìwé sì ní 112.3, ẹ má bá ìwé jà o, ìwé ló gba á. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ gbà ṣìnà torí èmi náà ti kó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì gan-an inú ìdánwò ni, fọ́múlà ò sì ṣòro fún mi rárá.

Ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé ẹ mú 20 lọ́nà 6, ó di 120, ẹ wá ro odidi róbótó kan mọ́ ọn, ló fi di 148.3. Àmọ́ 20 yẹn ti ka róbótó tòkè tìsàlẹ̀ mọ́ra. Rédíọ̀sì, ìyẹn láti àárín róbótó dé etí ẹ̀, jẹ́ 3, ìdajì 6, tẹ́ ẹ bá yọ 3 lókè tẹ́ ẹ yọ 3 nísàlẹ̀, 14 péré ló ṣẹ́ kù fún àárín. 14 lọ́nà 6 jẹ́ 84, ààbọ̀ róbótó méjèèjì di odidi kan, páì (nǹkan bíi 3.14) lọ́nà 9, torí 3 lọ́nà 3 ni 9, ìyẹn 28.27. Àpapọ̀ ẹ̀, 112.27.

Báyìí o, pẹ́ńsù ni mo kọ́kọ́ máa ń mú, màá fa ìlà síbi tí róbótó ti bẹ̀rẹ̀, màá kọ nọ́ńbà tuntun sára ègé kọ̀ọ̀kan. Ojú máa ń tì mí tẹ́lẹ̀ torí ó dà bíi tọmọdé, àwọn tó jókòó tì mí á ti máa tẹ kalikulétọ̀ ní tiwọn.

Ẹ tún ṣọ́ dàyámítà, ìyẹn fífẹ̀ róbótó látetí dé etí, o! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e, 6 ni mo fi ṣe rédíọ̀sì dípò 3, mo rò pé ìlọ́po méjì ni àṣìṣe yẹn máa jẹ́, àṣé mẹ́rin ni, torí 6 lọ́nà 6, ìyẹn 36, ló wá dípò 9.

Èyí tí ì bá gbà mí lọ́jọ́ ìdánwò nìyí: ẹ fojú inú gbé àwòrán yẹn sínú àpótí 20 sí 6. Àpótí yẹn ò ju 120 lọ, báwo lohun tó wà nínú ẹ̀ ṣe máa jẹ́ 148? Kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣófo nìkan lẹ máa yọ, ègé òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí róbótó wà jẹ́ 6 sí 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjèèjì di 36, 36 dín 28.27 jẹ́ 7.73, ẹ yọ ọ́ nínú 120, ó tún já sí 112.27.

Tó bá jẹ́ ihò ni róbótó náà, ẹ yọ ọ́ ni, ẹ má rò ó. Tẹ́ ẹ bá sì fi 22/7 ṣe páì, 112.29 lẹ máa rí, kì í ṣe àṣìṣe, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.