Kí ni «snag» túmọ̀ sí, níbo ni ó sì ti wá?

Ẹ béèrè ohun tí agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé yín ní Òṣogbo ní lọ́kàn nígbà tó kọ̀wé pé iṣẹ́ ti bá «snag» pàdé. Ìdíwọ́ tí kò rò tẹ́lẹ̀ ló yọjú. Kò sọ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Kùkùté ẹ̀ka igi tó yọ ṣóńṣó ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń jẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Scandinavia, ní àríwá Yúróòpù, ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi pe igi tó wó sínú odò bíi Mississippi, tí ìdí rẹ̀ rì mọ́ ẹrẹ̀ tí orí rẹ̀ sì fara pamọ́ sábẹ́ omi, èyí tó máa ń dá ọkọ̀ lu, débi pé ní 1829 Henry Shreve, ọ̀gá awakọ̀ ojú omi kan, kan ọkọ̀ kan, Heliopolis, tí ó ń fa irú igi bẹ́ẹ̀ tu. Ẹni tó bá ti rí igi tó wó sínú Odò Ọ̀ṣun lásìkò òjò yóò tètè lóye rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ìdíwọ́ ti wọlé.

Bí ìṣó bá fa òwú àdìrẹ yín yọ, «snag» náà ni. Ní Ọsirélíà, sọ́séèjì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan agbaṣẹ́ṣe yín.